Ohun Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Bíbẹ Àwọn Tí Kò Ní Àlejò Wò

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lára àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ àwọn àgbàlagbà àti àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ wò ní ilé ìtọ́jú, pàápàá àwọn tí ẹbí wọn jìnnà, àwọn tí ẹbí wọn ti kú tán, àti àwọn tí ẹbí wọn wà nítòsí ṣùgbọ́n tí wọn kì í yọjú. Iṣẹ́ náà kò ní owó oṣù, kò sì ní oyè. Kí a lọ jókòó ti èèyàn, kí a gbọ́ ohun tó bá ní í sọ, kí a sì tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àtúnṣe àwùjọ tí a sábà máa ń fi ohùn ńlá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń di òótọ́, tàbí kó di òfìfo, ní ìṣẹ́jú tí ẹnì kan bá dúró níwájú ẹnì kejì, tí ó sì ń pinnu bóyá òun máa rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní orúkọ, ìtàn àti ìfẹ́ inú tirẹ̀, tàbí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ṣáá lára ọ̀pọ̀. Àánú tí kò bá mọ ẹni tí òun ń ṣàánú fún lè di ẹrù lórí onítọ̀hún.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní "bàbá ojú fèrèsé", nítorí ibi tí ibùsùn wọn wà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ìwà bàbá yìí le, pé wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù ba ìkéde tí àwọn alábòójútó ń lẹ̀ mọ́ ògiri jẹ́. Mo lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ìkéde náà dáadáa, n kò sì rí ìbàjẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n fi àmì ìdánudúró sí ibi tó yẹ kó wà, wọ́n tún ọ̀rọ̀ tí a ṣì kọ kọ, wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ déètì kan tí kò bá ọjọ́ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu. Nígbà tí mo bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ìwé ni wọ́n ṣe rí, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa ka ìwé kí ó tó wọ ẹ̀rọ, kí àṣìṣe má bàa bá a jáde. Wọ́n ní ojú àwọn kì í rí àṣìṣe kí ọwọ́ àwọn má yún àwọn.

Mo sọ fún alábòójútó obìnrin kan tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu, ó sì gbé ìkéde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá fún wọn pé kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó lẹ̀ ẹ́. Bí bàbá ṣe di olóòtú ilé náà nìyẹn. Oògùn wọn kò yí padà, ẹsẹ̀ wọn kò sì lágbára sí i, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wọn pè wọ́n, àwọn aláìsàn yòókù sì ń kó lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ wá fún wọn kí wọ́n bá àwọn wò ó. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sí ẹni tó hùwà ìkà sí bàbá yìí ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lásìkò, aṣọ ibùsùn wọn mọ́, àwọn èèyàn sì ń káàánú wọn tọkàntọkàn. Àìsàn wọn ni gbogbo ilé mọ̀. Bàbá fúnra wọn ni ẹnikẹ́ni kò tíì pàdé.

Ti màmá kan yàtọ̀ sí èyí, nítorí àánú àwọn èèyàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn kúrò nínú yàrá wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, wọ́n máa ń kó gbogbo àwọn tó wà nílé náà jọ sí gbọ̀ngàn fún orin àti eré, ẹni tí kò bá sì fẹ́ lọ, wọ́n á máa pàrọwà fún un títí yóò fi dìde, nítorí wọ́n gbà pé kò dára kí èèyàn dá wà. Màmá kì í fẹ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé ìbànújẹ́ ló ń bá wọn jà. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní, "Gbogbo yín lẹ ṣe mí dáadáa o, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè." Wọ́n ti tọ́ ọmọ, wọ́n tọ́ ọmọ-ọmọ, wọ́n tún tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nínú ilé tí ariwo kì í dá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń retí láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú ẹnì kan tí yóò jókòó ti àwọn láì jẹ́ pé dandan ni kó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán tí àwọn yòókù bá ń kọrin, màmá a máa wo ìta, èmi náà a máa ka ìwé mi. Nígbà mìíràn wọn a sọ gbólóhùn kan tàbí méjì, wọn a sì tún dákẹ́. Ọ̀rẹ́ tí èmi pẹ̀lú wọn bá ara wa ṣe jinlẹ̀ ju èyí tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ara màmá yìí ni mo ti kọ́ pé kì í ṣe ohun kan náà ni kí èèyàn wà lóun nìkan àti kí àdáwà máa pa á lára, nítorí mo mọ àwọn tí wọ́n máa ń jókòó sáàárín gbọ̀ngàn tó kún fún orin tí ojú wọn sì ń wá ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ewu tó wà nínú àdáwà irú èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2010, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Julianne Holt-Lunstad, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 148 jọ, nínú èyí tí àwọn èèyàn tó lé ní 308,000 ti kópa, wọ́n sì rí i pé àǹfààní àtiwà láàyè títí dé òpin àkókò ìwádìí fi ìdá 50 nínú 100 pọ̀ sí i fún àwọn tí ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú èèyàn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìjọba Britain yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ àdáwà ní 2018, Japan ṣe bákan náà ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2025 pé ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́fà ni àdáwà ń bá fínra káàkiri ayé. Inú mi dùn pé àwọn ìjọba ti rí i. Ṣùgbọ́n kò sí mínísítà tó lè bá wa kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ohun mìíràn tí mo kọ́, tí n kò rí i kí àwọn tó ń wàásù ìwà rere tẹnu mọ́ ọn tó, ni pé àánú nílò àyè. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń dúró gbọ́ ìtàn àwọn aláìsàn nígbà tí òṣìṣẹ́ bá pé. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ni mo rí tó ń kọjá lára ẹni tó ń pè é láì yíjú wò, ní alẹ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún odindi ẹ̀ka kan. Ọkàn rẹ̀ kò yí padà láàárín ọjọ́ méjì yẹn. Aago ló ń lé e. Ní 1973, John Darley àti Daniel Batson, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ní Princeton, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn lọ sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ilé kejì, wọ́n sì fi ọkùnrin kan sí ojú ọ̀nà tó ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Nínú àwọn tí kò kánjú, ìdá 63 nínú 100 ló dúró ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 péré ni. Àní àwọn kan nínú wọn ń lọ sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ará Samáríà aláàánú gan-an, ìyẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá wọn dúró. Mo máa ń rántí ìdánwò yìí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé èèyàn òde òní ti di ọ̀dájú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó dá òṣìṣẹ́ lẹ́jọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣètò iṣẹ́ náà ní iye èèyàn tí ó fi sí i, àti iye ìṣẹ́jú tí ó yọ̀ǹda fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

Bí ìkánjú ṣe ń dí ojú àánú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbì kan ń dí i. Ní àkókò àbẹ̀wò, tí yàrá ńlá bá kún fún àlejò, aago tí aláìsàn fi ń pe òṣìṣẹ́ lè máa dún kí ẹnikẹ́ni má dìde, nítorí pé olúkúlùkù ń wo ojú ẹnì kejì, tí ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá le, ẹlòmíràn ì bá ti dìde. Bí ó bá jẹ́ àlejò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kíá ni yóò ti lọ wá nọ́ọ̀sì. Bibb Latané àti Darley tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tẹ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1968: wọ́n jẹ́ kí èéfín máa wọnú yàrá tí àwọn èèyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Nínú àwọn tó dá jókòó, ìdá 75 nínú 100 ló jáde lọ sọ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi èèyàn méjì jókòó ti ẹni náà, àwọn tí wọ́n ti kọ́ láti má ka èéfín sí nǹkan kan, ìdá 10 péré ló sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, bí mo bá nílò ìrànlọ́wọ́ láàárín èrò, n kì í ké sí gbogbo ilé mọ́. Ẹnì kan ni mo máa ń wò lójú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ búlúù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì." Kò tíì sí ẹni tí mo ké sí bẹ́ẹ̀ tó jókòó sílẹ̀. Ẹni tó ti bọ́ sínú èrò tún di ara rẹ̀ padà nígbà tí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fura sí ẹni tó bá dá yàtọ̀. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọkàn tirẹ̀ ń tú àwùjọ ká ni, pé ìrẹ́pọ̀ ń béèrè pé kí gbogbo ènìyàn máa sọ ohun kan náà. Ìrírí mi kò bá èyí mu. Bàbá àgbàlagbà kan wà tí iyè wọn ti ń ra, tí wọ́n máa ń sọ ìtàn kan náà ní gbogbo ìgbà, àwọn àlejò kan sì sọ ọ́ di eré. Wọ́n á máa já gbólóhùn gbà mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ kí wọ́n má bàa jọ ẹni tó ń ba eré jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá náà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ tán fún mi, mo fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀." Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ̀rín náà kàn rọlẹ̀ ni, obìnrin kan sì tún fa àga tirẹ̀ náà sún mọ́ wọn. Ohun tí Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, rí nínú àwọn ìdánwò tó ṣe láti 1951 sí 1956 nìyẹn, níbi tí àwọn tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú ti ń fi ẹnu kan sọ ohun tí kò tọ̀nà nípa gígùn ìlà níwájú ẹni tí wọ́n ń dán wò: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó kópa ló tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èèyàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láti sọ ohun tí ojú ara wọn ń sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ òótọ́ ṣáájú wọn, títẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀ a dín kù gidigidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò tú ẹgbẹ́ ká. Òun ló jẹ́ kí àwọn tí inú wọn kò dùn sí eré náà mọ̀ pé àwọn kò dá nìkan wà.

Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn ètò ńlá, a sì máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bíbẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò kò lè tún ayé ṣe, pé iye ló yẹ kí a máa wò. Ẹ̀rí wọn kò sì kéré. Ní 2007, Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic fi hàn pé àwọn èèyàn máa ń dá owó púpọ̀ sí i fún ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n rí àwòrán àti orúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dá a nígbà tí wọ́n bá ka iye mílíọ̀nù àwọn tí ebi ń pa lọ, àti pé nígbà tí a bá to iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọmọ náà, owó tí wọ́n ń dá á lọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ka èyí sí àléébù ọkàn èèyàn, mo sì gbà pé àléébù wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò sí àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ ń jìyà bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí àánú ń gbà wọlé sí èèyàn nìyẹn, ẹni tó bá dí i kò ní rí òmíràn gbà. Oníṣòwò ni Henry Dunant, ará Switzerland. Ọ̀rọ̀ òwò tirẹ̀ ló ń bá kiri nígbà tí ó dé ìtòsí Solferino, ní Italy, ní oṣù Kẹfà 1859, ní àkókò tí ogun ńlá jà níbẹ̀. Ó bá àwọn obìnrin ìlú Castiglione tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ láì bìkítà nípa ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n ti wá, òun náà sì bá wọn bọ́ sí i, ó ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, ó ń gba iṣẹ́ tí ẹni tó ń kú lọ fẹ́ rán sí àwọn òbí rẹ̀. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1862 ló fa ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1863, tó di Red Cross, Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́, lórí ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, sì tẹ̀ lé e ní 1864. Ètò ńlá ni wọ́n, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n wà. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa rántí.

Ibòmíràn tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn ni ìlú Geel, ní Belgium, níbi tí àwọn ìdílé ti ń gba àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ sínú ilé wọn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń bá wọn gbé bí ará ilé. Àṣà ibẹ̀ ni pé a kì í sọ orúkọ àìsàn náà fún ìdílé tó gbà á. Ìwà onítọ̀hún ni wọ́n ń kọ́, ohun tó ń bí i nínú àti ohun tó ń múnú rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Harare, ní Zimbabwe, níbi tí dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2006, tí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìfetísílẹ̀ fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ìwòsàn láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àmì ìdààmú ọkàn dín kù lára àwọn tó jókòó bá ìyá àgbà ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ kí ó dà bíi pé iṣẹ́ yìí kì í rẹ èèyàn. Mo ti rí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí wọ́n sunkún jáde tí wọn kò sì padà wá mọ́, wọ́n sì wà lára àwọn tó láàánú jù lọ nínú wa. Ìwádìí tí Olga Klimecki, Tania Singer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2014 jẹ́ kí ó yé mi. Wọ́n rí i pé nígbà tí a bá kọ́ èèyàn láti máa gbé ìrora ẹlòmíràn sínú ara rẹ̀, ìdààmú tirẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ́ ọ láti máa fẹ́ ire fún ẹni náà, ọkàn rẹ̀ a túbọ̀ balẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, àwọn tó pẹ́ jù lọ ni àwọn tí kò gbìyànjú láti di ẹlòmíràn. Ọ̀kan kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ rárá, rédíò àti aago tó bàjẹ́ ló máa ń tún ṣe, àwọn aláìsàn sì máa ń yí i ká. Òmíràn, àwàdà ni tirẹ̀. Bí a bá ti sọ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa jókòó tẹ̀dùntẹ̀dùn bí àwa yòókù, mo gbà pé wọn ì bá ti lọ.

Lónìí, nígbà tí ẹni tuntun bá dé sí ilé ìtọ́jú náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a kọ́kọ́ máa ń bi í, a ó sì kọ èsì rẹ̀ sí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀: orúkọ wo ni ẹ fẹ́ kí a máa pè yín, kí ni ẹ kò fẹ́ kí a ṣe fún yín, kí sì ni ẹ mọ̀ tí ẹ lè fi ràn wá lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bá wa jiyàn lórí méjì àkọ́kọ́. Àwọn alábòójútó kan kò fẹ́ ìkẹta, wọ́n ní aláìsàn wá gba ìtọ́jú ni, kò wá ṣiṣẹ́, àti pé ojú lè ti ẹni tí kò bá ní nǹkan kan láti dárúkọ. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ tì, mo sì ti rí ẹnì kan tó dákẹ́ pẹ́ lórí ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí ọkùnrin kan tí kì í rí oorun sùn, tí ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lè máa sọ fún nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ bóyá ẹnì kan ń rora nínú yàrá náà lóru tí kò sì fẹ́ pe ẹnikẹ́ni, ó sì ń ṣe é láìyẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. A ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A kò tíì fẹnu kò, ìbéèrè kẹta sì ṣì wà lórí ìwé.